Ọ̀dà Tí Kò Tíì Gbẹ

Ọkọ mi kì í gba ìranù lórí ọ̀rọ̀ màrìwò. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Èbúté Ìkòròdú, wọn á sọ fún yín. Ó pẹ́ tó ti ń wa ọkọ̀ ojú omi, èrò ló sì máa ń gbé lọ sí Èkó ní òwúrọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó wọ táì tí wọ́n ń tòògbé lórí ìjókòó. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá kú ní Ìkòròdú tí ilé bàbá rẹ̀ wà ní Ẹ̀pẹ́ tàbí ní àwọn abúlé etí omi, Mùsílíù, ọkọ mi, ni wọ́n máa ń wá. Á wá màrìwò tútù, á so ó mọ́ imú ọkọ̀, á máa rọra wà á, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí wọn á fi gúnlẹ̀.

Gbogbo ẹni tó ń jẹun lórí ọ̀sà ló mọ ohun tí màrìwò yẹn ń wí. Àwọn tó ń wa yanrìn á pa ẹ́ńjìnnì wọn. Apẹja á fa àwọ̀n rẹ̀ kúrò lọ́nà. Àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ omi, tí wọ́n máa ń tú agbọ̀n ẹja wò bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́, wọn kì í dá ọkọ̀ tó ní màrìwò dúró. Ṣe ni wọ́n á ṣí fìlà. Aáfà kan ní mọ́ṣáláṣí wa sọ fún ọkọ mi nígbà kan pé nǹkan àwọn kèfèrí ni. Ọkọ mi ní, "Aáfà, màrìwò ò kírun, kò sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kàn ń sọ pé òkú ń bọ̀, ẹ yà lọ́nà ni." Nígbà tí ìyá Aáfà fúnra rẹ̀ kú, màrìwò yẹn náà ló ṣáájú wọn dé Ẹ̀pẹ́.

Àwọn ọmọkùnrin kan wá bá a nígbà tí epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú. Wọ́n fẹ́ kó kó kẹ́ẹ̀gì epo sínú pósí, kó so màrìwò mọ́ ọkọ̀, kí ọlọ́pàá lè yà fún un. Àjẹ̀ ló fi lé wọn jáde ní èbúté. Ó wọlé bá mi pẹ̀lú ìbínú, kò tiẹ̀ lè jẹun. Ó ní, "Ìyá Kúbúrá, ọjọ́ tí irọ́ bá wọ inú màrìwò, òkú gidi ló máa jìyà ẹ̀." Mo rántí gbólóhùn yẹn dáadáa, torí ó padà wá bá wa nínú ilé.

Ẹ má bá mi wí pé mò ń pe ọkọ mi ní "ó". Ìdí wà níbẹ̀, ẹ máa gbọ́ ọ.

Kúbúrá ni àkọ́bí wa. Nọ́ọ̀sì ni. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù àti Kánádà, òun gba ilẹ̀ aṣálẹ̀ kan lọ, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Lárúbáwá. Mi ò ní dárúkọ ilẹ̀ náà, torí bí mo bá dárúkọ rẹ̀ ẹnu mi á máa korò. Mo bá a jà. Mo ní kí ló dé tí tìẹ máa ń yàtọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn èèyàn ibẹ̀ náà máa ń ṣàìsàn. Orí kunkun bàbá rẹ̀ ló gbé wá sáyé, ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ ni mi ò mọ ibi tó ti rí i.

Ogun bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tó débẹ̀, ìjọba lápá kan, àwọn tó ń bá ìjọba jà lápá kejì. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Kúbúrá á pè lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, á ní kí n má bẹ̀rù, ó ní òṣùpá pupa wà lórí òrùlé ilé ìwòsàn àwọn. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Níbí, àgbélébùú pupa la mọ̀. Lọ́hùn-ún, òṣùpá ni wọ́n ń kùn, iṣẹ́ kan náà ni. Gbogbo ayé ló fọwọ́ sí i pé ibi tí àmì yẹn bá wà, ilé ni o, ọkọ̀ ni o, bàálù ni o, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yìnbọn sí i. Ẹni tó ní àmì náà kò sì gbọdọ̀ fi bo ohun ìjà.

Bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ, inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé ọmọ ìyá rẹ̀ tó ti sọnù ló rí. Ó ní, "Màrìwò náà nìyẹn."

"Màrìwò ni, Bàbá," Kúbúrá ní. "Àmọ́ ti àwọn tó ṣì wà láàyè ni."

Látọjọ́ náà ni ọkọ mi ti ń sùn dáadáa. Ní èbúté, ó máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé òyìnbó náà ní màrìwò, pé abẹ́ rẹ̀ lọmọ òun wà. Adéòjó, alága àwọn ọlọ́kọ̀, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, pé ó kù díẹ̀ kí Mùsílíù lọ kọ́ àwọn aráyé bí wọ́n ṣe ń jagun.

Ìpè tó kẹ́yìn bá wa ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìtamaga. Aṣọ ilé ìwé ni mò ń rán níbẹ̀. Ọ̀sán Jímọ̀ ni, ọkọ mi ti kírun dé, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́nu ọ̀nà, ó fi fóònù sétí. Ohùn Kúbúrá jáde ketekete, torí ọkùnrin yẹn kì í mọ bí wọ́n ṣe ń dín ohùn fóònù kù.

"Bàbá, wọ́n ní kí gbogbo wa kúrò níbí. Ogun ti dé ẹ̀yìnkùlé wa."

"Báwo lẹ ṣe máa kúrò?"

"Títílọpẹ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ àti àwọn yòókù fẹ́ bá ọkọ̀ tírélà lọ sí bọ́dà. Àwọn ṣọ́jà ìjọba wá gbé ẹlikọ́pítà kan wá láti fi kó àwọn aláìsàn, wọ́n ní àwọn fẹ́ nọ́ọ̀sì kan tó máa bá wọn lọ. Èmi ni wọ́n mú. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Ọkàn mi ń sọ pé kí n bá Títílọpẹ́ lọ."

"Ọ̀nà bọ́dà yẹn ńkọ́, ó dáa?"

"Kò dáa. Àwọn adigunjalè wà níbẹ̀."

Bàbá rẹ̀ wá bi í, bí ó ṣe máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń bá a wakọ̀: "Ṣé àmì yẹn wà lára ẹlikọ́pítà náà?"

"Ó wà lára ẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, àti nísàlẹ̀ ikùn. Ọ̀dà ẹ̀ ò tíì gbẹ, Bàbá."

Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara mi. Pín-ìn-nì wà lẹ́nu mi, mò ń ṣẹ́ etí aṣọ, mi ò ro nǹkan kan sí i. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ló dáa jù. Màrìwò tó ti gbẹ, ta ló ń wojú ẹ̀? Tútù la máa ń so ó. Wọ inú ẹ̀, ọmọ mi. Ọkọ̀ tó bá ti ní àmì, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án."

"Bàbá, ẹ gbọ́ ná."

"Mò ń gbọ́ ẹ."

"Kò sí nǹkan kan, sà. Màmá dà?"

Ọkọ mi gbé fóònù fún mi. Kúbúrá béèrè orókún mi tó ń dùn mí. Mo bi í bóyá ó ti jẹun, ó ní òun ti jẹun. Mo ní kó má gbàgbé àdúrà ìrìn-àjò, ó ní òun ò ní gbàgbé. Ohun tí mo bá ọmọ mi sọ kẹ́yìn nìyẹn, orókún àti oúnjẹ.

Ẹlikọ́pítà náà kò dé ibi tó ń lọ. Ibi iṣẹ́ wọn ló pè wá. Mi ò lè sọ bí ọjọ́ náà ṣe rí, torí mi ò sí níbẹ̀ dáadáa. Àwọn ará àdúgbò ló dì mí mú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n ní àwọn ọ̀tá ìjọba ló yìnbọn sí bàálù àwọn aláìsàn, pé ìwà ẹranko ni wọ́n hù. Ọkọ mi gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ó ń ṣépè fún àwọn tó yìnbọn. Ó ń rìn kiri èbúté, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé irú èèyàn wo ló ń yìnbọn sí màrìwò. Ìbínú yẹn ló gbé e ró. Bí kì í bá ṣe ìbínú yẹn, à bá ti sin òun náà.

Títílọpẹ́ ló mú un kúrò lórí ìbínú náà. Tírélà tó wọ̀ dé bọ́dà láyọ̀. Ó padà wálé, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó sì wá kí wa. Ó gbé ìborùn Kúbúrá kan wá, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó wá jókòó, ojú rẹ̀ ò kúrò nílẹ̀. Ọkọ mi ń ṣépè rẹ̀ lọ bí ó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin náà ò lè gbà á mọ́ra mọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ẹlikọ́pítà yẹn kì í ṣe ti aláìsàn. A mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ló máa ń kọjá lórí wa lọ yìnbọn, ìbọn ńlá wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, wọ́n tú ìbọn náà kúrò, wọ́n kun gbogbo ara ẹ̀ ní funfun, wọ́n ya òṣùpá sí i. Àpótí ọta ìbọn ni wọ́n tò sísàlẹ̀. Wọ́n wá tẹ́ àwọn aláìsàn lé e lórí."

Ọkọ mi wò ó. "Àwọn tó yìnbọn sí i ńkọ́, wọn ò rí àmì náà?"

"Wọ́n rí i, sà. Wọ́n ti rí irú ẹ̀ rí. Ó balẹ̀ sáàárín ìlú wọn, wọ́n rò pé dókítà ló wà níbẹ̀, wọ́n gbé ọmọ wọn tó fara gbọgbẹ́ jáde. Ṣọ́jà ló bẹ́ sílẹ̀. Látìgbà yẹn, wọn ò wo àmì mọ́."

Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mi ò gbè sẹ́yìn àwọn tó yìnbọn. Ọmọ mi ni wọ́n pa, àwọn aláìsàn tí kò lè dìde ni wọ́n pa. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ wọn láti má wo àmì, òun náà jẹ mí ní ọmọ, kò sì sí ibi tí mo ti lè rí i mú.

Èmi ni mo bi Títílọpẹ́ bóyá Kúbúrá mọ̀.

"Ó mọ̀, Màmá. Àwa méjèèjì la jọ dúró lójú wíńdò tí wọ́n ń kùn ún. Mo ní kó jẹ́ ká sá lọ. Ó ní kí n jẹ́ kóun bi bàbá òun ná, pé bàbá òun mọ̀ nípa àmì ju gbogbo wa lọ." Ó nu ojú rẹ̀. "Nígbà tó dé, ó ní bàbá òun ní kóun wọ̀ ọ́. Ó tún ní àwọn aláìsàn náà ò mọ ohun tó wà lábẹ́ wọn, pé kò yẹ kí wọ́n dá wọn nìkan gbé lọ."

Ọkọ mi ló padà béèrè, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ pátápátá: "Ọ̀dà yẹn. Ọjọ́ wo ni wọ́n kùn ún?"

"Alámìísì mọ́jú Jímọ̀, sà. Jímọ̀ yẹn náà ló pè yín."

Ọkọ mi dìde, ó lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ ọwọ́ rẹ̀. Mo ń gbọ́ tí omi ń dà, mo sì mọ̀ pé kò sí ìdọ̀tí kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò lọ bá a. Ọmọ wa fẹ́ sọ fún un pé irọ́ ni àmì náà, ó sì fi màrìwò dá a lóhùn.

Mi ò ní purọ́ fún yín, mo kórìíra rẹ̀. Mo mọ̀ pé òun kọ́ ló kun ọ̀dà, òun kọ́ ló to ọta, òun kọ́ ló yìnbọn. Síbẹ̀, ohùn rẹ̀ ló ti ọmọ mi wọ inú nǹkan yẹn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mò ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, mò ń fọ aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò pè é ní Bàbá Kúbúrá mọ́. Orúkọ tí mo ti ń pè é látọjọ́ tí mo bímọ, ó kúrò lẹ́nu mi. Òun náà mọ̀. Kò bi mí.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó fún wa ní òkú Kúbúrá. Àwọn kan ní kí a jẹ́ kí wọ́n sin ín sọ́hùn-ún, pé ibi gbogbo ni ilẹ̀ Ọlọ́run. Mo kọ̀. Nígbà tí pósí náà dé, Aáfà kírun sí i lára ní Ìkòròdú, àwọn ẹbí sì ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ọkọ mi ní òun ló máa gbé e, kò ní sí ẹlòmíràn. Ó fọ ọkọ̀ rẹ̀, ó tẹ́ ẹní síbi tí wọ́n máa gbé pósí lé, ó ṣe gbogbo rẹ̀ bí ó ṣe máa ń ṣe é fún ọmọ ọlọ́mọ.

Adéòjó ti lọ wá màrìwò tútù. Ó gbé e fún un. Ọkọ mi ò gbà á.

"Mi ò so ó."

"Mùsílíù, màrìwò ni wọ́n fi ń gbé òkú. Ìwọ lo kọ́ gbogbo wa."

"Mo ti fi pa ọmọ mi," ó ní. "Ṣé kí n tún wá so ó mọ́ ọn?"

Adéòjó wo ojú mi. Àwọn ọlọ́kọ̀ tó wà níbẹ̀ gbé ojú sá. Adéòjó fi màrìwò náà sílẹ̀ lórí pákó èbúté, ó ń sunkún lọ. Mo gbé e wọnú ọkọ̀, mo fi ìborùn Kúbúrá bò ó lórí itan mi. Nígbà náà, mi ò lè sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Àwa méjì péré la wà nínú ọkọ̀ náà, àwọn ẹbí ti gba orí ilẹ̀ lọ. Ó wà lẹ́yìn nídìí ẹ́ńjìnnì, mo wà níwájú, ọmọ wa wà láàárín wa. Ọ̀sà ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lórí rẹ̀ ò mọ̀ wá. Ọkọ̀ èrò kan sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ìgbì rẹ̀ fọ́n omi sórí pósí. Mo fi aṣọ mi nù ún. Ọkọ̀ yanrìn kan gba iwájú wa kọjá, ọmọkùnrin tó wà lórí rẹ̀ ní kí bàbá yìí yà kúrò lọ́nà, ṣé ó ń sùn ni. Ọkọ mi yà fún un. Ó dùn mí dé egungun. Ẹni tí gbogbo omi ń yà fún nígbà tó gbé òkú ẹlòmíràn, òun ló ń yà fún oníyanrìn nígbà tó gbé ọmọ tirẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí a kan Àgbówà, àwọn ọlọ́pàá orí omi fi fèrè dá wa dúró. Ọ̀dọ́ ni wọ́n. Ọ̀gá wọn na ọrùn wo pósí náà, ó wo imú ọkọ̀ wa, kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàsán, sà. Kí lẹ gbé?"

Ọkọ mi la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde.

"Bàbá, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kí ló wà nínú àpótí yẹn?"

Ọkùnrin tó ti gbé òkú gbogbo ìlú kọjá lórí omi yìí, kò lè sọ pé òkú ni òun gbé. Ọlọ́pàá náà ní kí ó má bínú, àwọn èèyàn ń fi oríṣiríṣi nǹkan kó epo, àwọn máa ní láti ṣí i. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú ọkọ̀ wa.

Mo dìde. Orókún mi ń dùn mí, ọkọ̀ ń mì, mo di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú títí mo fi dé imú rẹ̀. Mo yọ màrìwò jáde. Mo fa etí ìborùn Kúbúrá ya, òun ni mo fi so ó, bí mo ṣe máa ń rí i tí bàbá rẹ̀ ń so ó. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, mo mọ bí a ṣe ń ta kókó. Nígbà tí mo parí, mo kọjú sí ọlọ́pàá náà.

"Ọmọ mi," mo ní, "màrìwò yìí ò purọ́. Ọmọbìnrin mi ló wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni. Àwọn tó fi àmì purọ́ ló jẹ́ kí wọ́n pa á. Bí o bá ṣì fẹ́ ṣí i, ṣí i."

Ọlọ́pàá náà gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò. Ó ṣí fìlà. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ẹ ò tètè so ó ni." Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà ṣí fìlà, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì wọn.

Bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran. Mo rí ọkọ̀ yanrìn yẹn, kò tíì lọ jìnnà. Ọmọkùnrin tó bú wa ti rí màrìwò náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ lérí. Ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ náà dákẹ́. Apẹja kan níwájú ń fa àwọ̀n rẹ̀ sẹ́yìn kíákíá. Ọkọ̀ èrò tó ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ dúró sójú kan, àwọn èrò inú rẹ̀ sì dìde. Gbogbo ọ̀sà dákẹ́ fún Kúbúrá.

Mo bojú wẹ̀yìn. Ọkọ mi di ọwọ́ ẹ́ńjìnnì mú, ó ń wo àwọn ọkọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, omijé ń bọ́ sí irùngbọ̀n rẹ̀. Mi ò rí i kó sunkún látìgbà tí Títílọpẹ́ ti lọ.

"Wọ́n dúró," ó ní.

"Wọ́n dúró. Ohun tí ẹ sọ fún Kúbúrá nípa àmì, òótọ́ ni. Ibí ló ti jẹ́ òótọ́."

Ó fi orí lé orúnkún, ó sunkún bí ọmọdé, àwọn ọlọ́pàá ń wò ó, kò bìkítà. Èmi náà sunkún. Mi ò tíì dárí jì í lọ́jọ́ yẹn. Títí di òní, àárọ̀ míì wà tí mo máa jí tí ọ̀rọ̀ náà á ṣì gún mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọmọ wa wà nílẹ̀, wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ dè é, kò sì sí ẹlòmíràn tí mo fẹ́ kó gbé e dé ibẹ̀.

"Bàbá Kúbúrá," mo ní, "ẹ máa gbé wa lọ sílé."

Ó gbé orí sókè. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó sì ń rọra wà á lọ.